Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìnkùlé Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Màmá Sọ Tán

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á débi tó parí sí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

Ìbéèrè kan wà tí Sẹ̀gilọlá ò tíì rí ìdáhùn sí títí dòní: kí ló dé tí òun ò bi ìyá ọkọ òun pé, "Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ?" Àwọn méjèèjì jọ jókòó ní kíṣìnì lọ́jọ́ náà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ààyè wà. Kò bi í.

1.
Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà ní Yábàá tí bàbá àgbà Abọ́dúndé kọ́, tí káfíńtà Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti Brazil dé, sì gbẹ́ òdòdó sí gbogbo fèrèsé rẹ̀. Ìjọba ti kà á mọ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó, tí wọn ò sì gbọdọ̀ yí ojú rẹ̀ padà. Abọ́dúndé àti ìyàwó rẹ̀ Sẹ̀gilọlá ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú ọmọ wọn Tiwalọlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, àti Màmá Àríkẹ́, ìyá Abọ́dúndé. Àyè ò gbà wọ́n mọ́, wọ́n fẹ́ fẹ ilé sẹ́yìn. Ìyẹn ò burú.

Tèmídayọ̀, ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ilé, wá wò ó. Ó ní kí wọ́n kọ́ yàrá kan péré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì, kó dúró lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má fara kan ògiri àtijọ́ torí pé amọ̀ ni, kó sì kúrú débi pé ẹni tó wà ní títì ò ní í rí i. Ìjọba fọwọ́ sí i. Sẹ̀gilọlá ti ń wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ máa wà.

2.
Ojúkòkòrò bá wọlé. Abọ́dúndé ń wo bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe ń wá yàrá kiri Yábàá, ó ní yàrá kan kẹ̀? Pẹ́tẹ́ẹ̀sì lòun máa kọ́, gbogbo ẹ̀yìnkùlé pátá, kí ayálégbé wà lókè.

"Brọ̀dá, ilẹ̀ igun ẹ̀yìnkùlé yẹn rọ̀ jù," ni Tèmídayọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àǹtí oníwèé, ẹ ti kọ́lé tiyín rí?"

Tèmídayọ̀ ká àwòrán rẹ̀, ó lọ.

Bàbá Oyèníran, olórí ẹbí, pe ìpàdé. Nínú ẹbí yẹn, ìyàwó ilé kì í dá sọ́rọ̀ ní ìpàdé, kódà kó ti hewú. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n Màmá fọhùn lọ́jọ́ náà, jẹ́jẹ́: "Ẹ̀yìnkùlé yẹn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí..."

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Oyèníran já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ọ̀rọ̀ àwa ọmọ onílé nìyí. Lọ bá wa wo ìkòkò yẹn, kí iṣu má jóná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó dìde. Abọ́dúndé ń wolẹ̀. Sẹ̀gilọlá rò ó pé bí wọ́n bá lè pa Màmá lẹ́nu mọ́ báyìí, ta ni òun ìyàwó àná? Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ̀wà ni òun àti Màmá jọ ń ṣà ní kíṣìnì.

3.
Wọ́n kọ́ ọ, wọn ò sọ fún ìjọba. Kó lè yá, bíríkìlà so irin ilé tuntun mọ́ ògiri amọ̀. Tọkọtaya kó sí yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n ń retí ayálégbé.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́. Nígbà tó yá, ìka Sẹ̀gilọlá wọ inú ibi tí ògiri ti là.

"Bàbá Tiwa, ẹ wá wo nǹkan."

"Ilé tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sílẹ̀ dáadáa. Ìwọ àti ẹ̀rù ẹ." Abọ́dúndé fi sìmẹ́ńtì dí i.

Láti ọjọ́ náà, Sẹ̀gilọlá kì í sùn àfi kó gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ. Ó gbé fóònù kó pe Tèmídayọ̀, ó tún gbé e sílẹ̀, kí wọ́n má baà ní ìyàwó ń tú àṣírí ilé.

4.
Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọmọ ń sùn ní yàrá ìsàlẹ̀, Sẹ̀gilọlá ń sáré kó aṣọ lórí okùn níta. Ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ tuntun ya. Kó tó dé ibẹ̀, Màmá ti wọ yàrá, ó ti na Tiwalọlá jáde lójú fèrèsé.

"Gbà á. Má wò mí, gbé e lọ."

Ilẹ̀ igun ẹ̀yìnkùlé jìn wọlé. Ilé tuntun fì, irin tí wọ́n so mọ́ ògiri sì fa ilé àtijọ́ tẹ̀ lé e: fèrèsé olódòdó, àtẹ̀gùn pákó, gbogbo rẹ̀. Òjò ti dá kí wọ́n tó yọ Màmá. Ó ti kú.

Yàrá kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó làwọn mẹ́ta tó kù ń sùn sí báyìí. Abọ́dúndé kì í gba Yábàá kọjá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ ilé àtijọ́, ẹ má gbé ohun tí kò lè rù lé e lórí. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ jẹ́ kí ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ tán. Ìwọ ìyàwó tí àyà rẹ ń já bó o ṣe ń ka èyí, fọhùn, kódà kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gbénú ilé ló mọ ibi tó ń jò.

Tiwalọlá ti ń lọ sílé ìwé kí Sẹ̀gilọlá tó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ tí Màmá ò rí sọ tán lẹ́nu Ìyá Margaret, tí òun náà ti ṣe ìyàwó ilé yẹn rí. Kànga ló wà ní igun yẹn, kí wọ́n tó rọ́ iyanrìn dí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Màmá Àríkẹ́ wọlé, omi inú rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà.