Ínṣì Kan Tó Sọ Nù

"Nọ́ọ̀sì, ínṣì mẹ́rìnlélógójì ni mo wọ̀n nílé láàárọ̀ yìí!" Káfíńtà tún tẹ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. "Tá a bá sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà, méjìléláàádọ́fà ni. Ẹ wá kọ mọ́kàndínláàádọ́fà sínú káàdì ọmọ mi. Téèpù ni mo fi ń jẹun o!"

"Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, sà."

Ó fa téèpù yọ, ó wọn ọmọbìnrin rẹ̀. Mọ́kàndínláàádọ́fà géérégé.

"Ṣé ikán jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà ni?"

Ọmọ bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ fi ìbínú gbé bàtà ọmọ náà tí nọ́ọ̀sì ti bọ́ sílẹ̀, bàtà tí ọmọ náà kọ̀ láti bọ́ láàárọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń wọ̀n ọ́n nílé. Páálí tí wọ́n ká lákàátúnká já bọ́ nínú rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá ti pé ínṣì mẹ́rìnlélógójì, màmá mi máa padà wálé."