Irin Ìwọ̀n Tí Kò Sí Nínú Àpótí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ kà á tán, torí ibi tó dùn jù wà lẹ́yìn ibi tó burú jù.

1.

Àbúrò bàbá wa kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ojúwọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ oògùn wò kó tó dé ọwọ́ aláìsàn. Òun ni olórí yàrá àyẹ̀wò, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bó bá di oògùn kan mú lásán, á ní, "Èyí ò pé." Bí wọ́n bá wá gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò ní pé lóòótọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti wá.

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wọn oògùn, irin ìwọ̀n kan tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún gíráàmù géérégé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé lé òṣùwọ̀n. Bí òṣùwọ̀n bá ka ọgọ́rùn-ún, òótọ́ ló ń sọ nìyẹn. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fọwọ́ sí i. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ojúwọ̀n ń kọ ọ́. Ó ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í gbé irin kankan lé e.

Ìyá Ìbejì, igbákejì rẹ̀, ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, irin ńkọ́?"

"Èmi àti òṣùwọ̀n yìí ti di tọkọtaya. Ṣé èèyàn máa ń dán ìyàwó ẹ̀ wò láràárọ̀ ni?"

"Ó yẹ kó máa kí i láàárọ̀ ṣáá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojúwọ̀n fọwọ́ sí i.

2.

Nígbà tó yá, ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé. Ilé ìwòsàn ń wá ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníyọ̀ ló ń ṣe é, òun àti obìnrin mẹ́jọ nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan. Ó kó ogójì páálí wá fún àyẹ̀wò.

Ogún gíráàmù ni wọ́n kọ sára ìdì kọ̀ọ̀kan. Ojúwọ̀n wọn ogún ìdì. Méjìdínlógún ni èkínní, méjìdínlógún ni èkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ó kọ ọ́ pé: "Kò pé. Ẹ sun ún." Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti kó àwọn páálí náà lọ síbi tí wọ́n ti ń sun oògùn lẹ́yìn ọgbà.

3.

Ìyá Oníyọ̀ sáré wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta la wọn ìdì kọ̀ọ̀kan!"

"Òṣùwọ̀n tiyín ló ń purọ́, ìyá."

"Nọ́ọ̀sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀. Ìdì mẹ́wàá péré ló kù lọ́wọ́ wọn, ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán òṣùwọ̀n yín wò lójú mi. Bó bá pé, mo gbà, n ó máa lọ."

Ojúwọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá ń wá ẹ̀tẹ́, èmi ò ní fi dù ú." Ó gbé àpótí irin ìwọ̀n wá, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, ó ṣí i bí ẹni ń ṣí àpótí wúrà.

Irin ò sí níbẹ̀. Bébà ló wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì mú un, ó kà á sókè: "Mo ti gbé irin yín lọ sí ìlú míì fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Ẹ yá ti yàrá kejì lò. Èmi, awakọ̀."

Ó wo déètì bébà, ó wo ìwé àkọsílẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlá ni Ojúwọ̀n ti kọ "ọgọ́rùn-ún, ó pé," tó sì fọwọ́ sí i, fún irin tó wà ní ìlú míì!

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyá Ìbejì wí, "ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó yín ti rìnrìn àjò, ẹ ò mọ̀."

Ó sáré yá irin yàrá kejì, ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Àádọ́rùn-ún. Ó yọ àwo òṣùwọ̀n. Kóró oògùn kan tó ti le bí òkúta ló há sábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í sókè. Ó yọ ọ́ kúrò. Ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó tún ìdì Ìyá Oníyọ̀ wọn: ogún, ogún, ogún.

"Yéè, oògùn mi ń jóná!" ni Ìyá Oníyọ̀ kígbe.

4.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ojúwọ̀n tí kì í sáré fún òjò ki eré mọ́lẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bàtà ẹsẹ̀ òsì bọ́ sọ́nà, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ má dáná! Èmi ni mo jẹ̀bi! Ẹ má dáná mọ́!"

Páálí méjì ti jóná kó tó débẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lé ìyókù lórí bí adìyẹ tó ń sàba.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, páálí méjìdínlógójì ti wọ ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ń pò ó, àwọn ìyá ń fi ṣíbí fún ọmọ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ọmọ mọ́kàndínlógún ló ti padà sílé. Èyí tó kéré jù nínú wọn tilẹ̀ gbá nọ́ọ̀sì létí nítorí bisikíìtì, gbogbo wọ́ọ̀dù sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n Ojúwọ̀n ò lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Ìyá Ìbejì. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí kóró náà há síbẹ̀, gbogbo oògùn tó ti wọn láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló tún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́, kò sí èyí tó ti pa ẹnikẹ́ni lára. Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ bá Ìyá Oníyọ̀ di páálí méjì tó jóná padà. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn ò jẹ́ kó sinmi.

"Ojúwọ̀n, fọwọ́ gbé ìdì yìí wò. Gíráàmù mélòó ni?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, òun náà sì bá wọn rín in.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, iṣẹ́ tó o mọ̀ jù ni kó o máa ṣọ́ jù. Má ṣe fọwọ́ sí ohun tí o kò ṣe, bó ti wù kó kéré mọ, torí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lè wà lábẹ́ ìbuwọ́lù rẹ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.