Ẹni Tó Pa Àkọsílẹ̀ Náà Rẹ́

“Bàbá wọn, ẹ lọ parí iṣẹ́ yín jàre, kí ẹ tètè gòkè wá. Ẹ ti wò mí títí, ẹ fẹ́ gbé mi mì?”

Ohun tí ìyàwó akọ̀wé ọsibítù náà bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọkùnrin náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà wọn, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ wọ́ọ̀dù gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó ti padà sílé ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tilẹ̀ jókòó, ìdúró ló wà tó fi tẹ àṣẹ tó kù fún kọ̀ǹpútà. Lójú àtẹ̀gùn, ẹnì kan dá a dúró nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bàjẹ́. Nígbà tó dé òkè, nọ́ọ̀sì kan ti gún ìyàwó rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Kò tó wákàtí kan, ó ti kú.

Ara ìyàwó rẹ̀ kọ oògùn yẹn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sínú àkọsílẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí dókítà ṣí i lẹ́yìn ikú, ibẹ̀ ṣófo.

“Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ọ̀gá àgbà ọsibítù wí. “Nọ́ọ̀sì yẹn ló pa á rẹ́ kí àṣírí má bàa tú. Ẹ mú ẹ̀rí wá láago mẹ́wàá ọjọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló máa ti ibẹ̀ lọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì náà, ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀.

“Bàbá, mo wo àkọsílẹ̀ wọn kí n tó fa oògùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi ìyá mi búra.”

“Fi ìyá rẹ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sọ tẹnu rẹ̀.”

Òótọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohunkóhun padà, kọ̀ǹpútà á tọ́jú ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, aago, àti orúkọ ẹni tó yí i. Àmọ́ ogójì tábìlì, ìyẹn àtẹ tí wọ́n pín àkọsílẹ̀ sí, ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtàn ìyípadà tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọkùnrin náà fi kọ ìbéèrè kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà, èyí tó lè wọ inú gbogbo wọn: ẹ fún un ní orúkọ tábìlì àti nọ́ńbà aláìsàn, á to ìyókù fúnra rẹ̀. Kò fẹ́ kí ọmọbìnrin náà rí ibì kankan sá gbà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ sí i. Ìlà kan jáde: orúkọ oògùn náà, aago, àti orúkọ ẹni tó pa á rẹ́. Ó wò ó títí. Ó wá yọ nọ́ńbà náà kúrò, ó sì béèrè ohun gbogbo tí ẹni náà pa rẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Aláìsàn mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló jáde, orúkọ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì wà níwájú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa oògùn tí ara wọn kọ̀ rẹ́, nítorí àṣẹ tó fi ìdúró tẹ̀ kò sọ pé kí kọ̀ǹpútà pa ti àwọn tó ti lọ sílé nìkan rẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà lókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì pe wọ́ọ̀dù. Kò tíì dá orúkọ oògùn kankan padà. Kò tíì ṣílẹ̀kùn fún nọ́ọ̀sì. Kò tíì dìde.