Ohun Tí Mosúnmọ́lá Kò Sọ Fún Dókítà

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé.

1.
Ní ọdún 1978, tíṣà kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì, Ilésanmí lorúkọ rẹ̀. Kì í gbàgbé orúkọ ènìyàn. Ọmọ tó kọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, bó bá pàdé rẹ̀ ládùúgbò Fájuyì, á pè é lórúkọ, á fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Àtọ̀gbẹ, tí àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, wá mú un. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró, ó ní kó máa jẹun bó bá ti ń lò ó, kó sì dín iyán kù.

Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ gún díẹ̀ fún un. Tíṣà wo inú àwo.

"Ìyá Jùmọ̀kẹ́, ìtọ́wò lèyí. Iyán gan-an ńkọ́?"

"Dókítà ló ní ká dín in kù."

"Dókítà yẹn kì í ṣe ará Èkìtì."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

2.
Iyán yìí ló gbé Tíṣà dé Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ Àyọ̀kẹ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Àyọ̀kẹ́ kò tàn án o.

"Tíṣà, àgbo yìí ń fa ṣúgà wálẹ̀. Bí ẹ bá ń lo oògùn òyìnbó, ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà."

Tíṣà ní òun kò lo nǹkan kan.

Ó rẹ ewé àti èèpo náà sínú omidùn, ó ń mu ife kan láràárọ̀ lé oògùn dókítà lórí. Iyán padà di òkìtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó pe ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ń tọ̀ sí.

"Wo ilẹ̀. Ǹjẹ́ o rí èèrà kan?"

Kò sí èèrà tó ń tọ adùn ìtọ̀ rẹ̀ wá mọ́.

"Ó ti lọ nìyẹn. Má sọ ọ́ nílé ìwòsàn o, wọn kì í fẹ́ gbọ́ àgbo sétí."

Nígbà tí dókítà bi Mosúnmọ́lá bóyá ọkọ rẹ̀ ń mu nǹkan mìíràn, ó wo ojú Tíṣà. Obìnrin ilé rere kì í já irọ́ ọkọ rẹ̀ níta. Ó ní, "Kò sí, sà."

3.
Àwẹ̀ Lẹ́ńtì dé. Ní Ọjọ́rú kan, Tíṣà kò fẹnu kan oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó lo oògùn, ó mu àgbo, ó ní oògùn kì í ba àwẹ̀ jẹ́. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí wọ́n fi mú un dé láti ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń làágùn tútù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí kò nídìí. Mosúnmọ́lá na ọwọ́ sí agolo ṣúgà kó pò ó mọ́ omi fún un. Akínwálé, ẹ̀gbọ́n Tíṣà, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa á ni? Ṣúgà ló ń ṣe é, o tún fẹ́ fún un ní ṣúgà."

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mosúnmọ́lá gbé agolo padà, ó lọ mú ìgò àgbo. Ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó rọra fún un mu títí ife fi gbẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fún un.

4.
Kí wọ́n tó gbé e délé ìwòsàn, kò dáhùn mọ́. Dókítà ní, "Kí ló mu?" Lọ́tẹ̀ yìí, Mosúnmọ́lá sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà kò pariwo. Omi ṣúgà ló ń fà sí i níṣan.

"Ṣúgà ló tán lára rẹ̀, ìyá. Ká ní mo mọ̀ nípa àgbo yìí lóṣù tó kọjá ni."

Ní ọjọ́ kẹrin, Tíṣà lajú. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tíṣà wò ó títí.

"Ẹ ǹlẹ́ o, mà," ló wí. "Ta lẹ wá wò?"

Dókítà ní àìsí ṣúgà lára rẹ̀ ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọdún mẹ́ta ló tún lò láyé. Kò pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ará, ewé kì í ṣe ọ̀tá. Ọlọ́run tó dá ewé ló fún dókítà lóye. Ṣùgbọ́n ẹ má pa méjèèjì pọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń mu, ẹ gbé ìgò rẹ̀ lọ kí dókítà rí i. Ẹ má fi èèrà ṣe dókítà. Ẹ má gbààwẹ̀ lórí oògùn àtọ̀gbẹ láìbéèrè. Bí ẹni tó ń lo oògùn náà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn tútù, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún un ní nǹkan dídùn bó bá ṣì lè gbé e mì, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má torí ìtìjú ọkọ pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.