Láàárín Bodè Méjì

Àjàdí àti Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ gun alùpùpù jáde ní Laos, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé bodè Vietnam, wọ́n ti tì í. Wọ́n ṣẹ́rí padà, ti ẹ̀yìn náà ti wà ní títì. Ilẹ̀ ṣú, ìkùukùu bolẹ̀. Wọ́n bá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń gbèrò ìrìn ọ̀la.

"Ìlú Hue la máa gbà lọ," Àjàdí wí.

"Ọ̀nà yẹn ò dáa," ohùn kan fèsì nínú ìkùukùu, ní Yorùbá tó já gaara. "Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ gbà."

Mopélọ́lá fẹ́ dáhùn, Àjàdí fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Alùpùpù wọn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò Àjàdí, bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìjókòó iwájú rọra tẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà téèyàn jókòó lé e.

"Ó yá," ohùn náà wí. "Ẹ gùn ún."