Àjèjì Inú Kíláàsì Ìfura-Loògùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fo ìtàn yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á títí dé ìparí, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó máa ń dá èèyàn lẹ́bi kó tó béèrè ọ̀rọ̀.

1.

Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ìfura-Loògùn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ìpàdé tí kò ti ní sọ ọ́ pé ìfura loògùn àgbà. Bó bá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ tán, á tún padà wá mì í wò. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i, á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ó sì fẹ́ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo olùkọ́ kó iṣẹ́ wọn lọ sí kíláàsì orí ayélujára. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti máa ka ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni wọn yóò máa fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti máa rí máàkì. Wọ́n yan obìnrin kan pé kó máa fọ̀nà han àwọn olùkọ́. Àbúrò ìyàwó Ìfura-Loògùn ni, ọmọ ìyá kan náà. Ilé ọkùnrin yìí ló gbé nígbà tó ń kàwé.

Ẹ ó rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Rárá. Ìròyìn ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fẹ́ dín olùkọ́ kù. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, "Kí ló dé tó jẹ́ èèyàn mi gan-an ni wọ́n fi síbi tó ti lè máa wo iṣẹ́ mi?"

2.

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Obìnrin náà ń fi ohun gbogbo hàn wọ́n nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ń gbé sára ògiri: ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀kọ́ sí, ibi tí wọ́n ń fúnni ní máàkì, àti bọ́tìnì tí olùkọ́ lè tẹ̀ kó lè rí kíláàsì rẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí i. Ẹnu rẹ̀ kọ́ ni Ìfura-Loògùn ń gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó yé yín?"

"Ó ti yé mi tipẹ́." Kò yé e.

"Ṣé kí n yà sí ọ́fíìsì yín ká jọ wò ó?"

"Má ṣèyọnu."

"Ó dáa. Ẹ ṣáà má pa ohunkóhun rẹ́ láìpè mí. Ohun tó bá lọ níbẹ̀ lè má padà mọ́."

Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní, "Kí ló fẹ́ máa wá wò ní ọ́fíìsì mi?"

3.

Ó dá nìkan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ń wo máàkì àwọn ọmọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí orúkọ kan tí kò mọ̀ rí: Akẹ́kọ̀ọ́ Àyẹ̀wò. Kò ní àwòrán, kò sì fi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́.

Ó tún un kà. Àyẹ̀wò kẹ̀? Ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò? Ó tún rí orúkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ lára àwọn tó lè wọ kíláàsì náà, bó ṣe wà ní kíláàsì gbogbo olùkọ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó bá a nínú yàrá àwọn olùkọ́, níṣojú gbogbo wọn.

"Ta lo fi sínú kíláàsì mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, n kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Gbogbo èyí tí o ti ń wò kò tíì tó ọ? Ilé mi lo gbé, oúnjẹ mi lo jẹ, èmi lo wá ń tà."

Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó jáde.

Ìfura-Loògùn padà sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó yọ orúkọ obìnrin náà kúrò. Ó gbìyànjú láti yọ àjèjì náà, kò lọ. Ó wá rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Tún kíláàsì yìí bẹ̀rẹ̀." Ó ní ìyẹn ni yóò lé amí náà jáde. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Kíláàsì ṣófo. Ẹ̀kọ́ lọ, máàkì lọ. Àròkọ tí àwọn ọmọ fi fóònù kọ tààrà síbẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ kò sí níbòmíràn, gbogbo rẹ̀ lọ.

4.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rán òṣìṣẹ́ kan láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wá. Ó wò ó títí, ó mi orí. "Kò lè padà mọ́, sà."

"Àjèjì tó wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí àjèjì, sà. Ṣé ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fi kíláàsì hàn yín bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí i? Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ máa ń fún yín ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ẹ̀yin fúnra yín ni."

Àwọn ọmọ tún iṣẹ́ wọn kọ pẹ̀lú omijé, àwọn òbí wá fẹjọ́ sùn, wọ́n sì gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń kí i, ó ń gbé oúnjẹ fún un, ṣùgbọ́n ìtàkúrọ̀sọ ti tán láàárín wọn.

"Bá mi bẹ àbúrò rẹ," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Ẹnu yín lẹ fi bú u níwájú èèyàn," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. "Ẹnu yín náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀ ẹ́."

Ó lọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga àti omi. Ó ní òun ti dárí jì í. Ara ọkùnrin náà balẹ̀ díẹ̀, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi wo ibi tí mo ti ṣì í, nítorí ọjọ́ iwájú."

Obìnrin náà wo fóònù náà, kò gbà á. "Ẹ bi àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ yín, sà."

Látọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é. Kò pè é ní sà rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣọ́ra. Ìfura dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìbéèrè ṣáájú rẹ̀. Bí ohun kan bá ṣókùnkùn sí yín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ìtìjú bò ó, ẹ má sì fi ẹ̀sùn kan ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.