Àyè Orúkọ

"A ti tọwọ́ bọ̀wé," ni ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí wí. "Kọ̀ǹpútà tiwa kò gbọdọ̀ fi àkọsílẹ̀ ọmọ tí kò lórúkọ ránṣẹ́ sí ti ìjọba ní Òṣogbo. Kò ṣeé yí padà mọ́."

Obìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìgbẹ̀bí náà ní Iléṣà kò gbà. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, sà, a kì í wo kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí àyè orúkọ ṣófo di ọjọ́ kẹjọ."

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ọ̀gá, ẹ kú ewu ọmọ. Ìyàwó yín ti bí."

Obìnrin náà ti kíbọ́ọ̀dù sí ọ̀gá. "Orúkọ ọmọ ńkọ́, sà?"

"Ìbejì ni," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ Táíwò, ó tẹ Kẹ́hìndé.

Obìnrin náà kọjú sí bàbá ọlọ́mọ tuntun mìíràn tó tò sẹ́yìn ọ̀gá láti forúkọ ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. "Mélòó ni tiyín, sà?"

"Ẹyọ kan."

Obìnrin náà kò gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ọ̀gá. Àyè orúkọ ọmọ náà ṣófo níwájú rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí ọ̀gá máa tẹ̀ síbẹ̀.